Ẹ Má Gé Wáyà Yàrá Láolú

Èmi, Dọ́kásì Wúràọlá Ọlọ́runníyì, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Moyọ̀ nínú ilé, tí gbogbo Àgídìngbì títí dé ìdí rélùwéè Agége sì mọ̀ sí Màmá Oníbúrẹ́dì, ọmọ bíbí Ìdó-Èkìtì, opó Sámúẹ́lì Ọlọ́runníyì, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, mo mọ ohun tí mo jẹ láàárọ̀, mo sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mi jà tí kò tíì wá bẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe ọpọlọ. N kò mọ̀wé kọ, n kò sì mọ̀ ọ́n kà. Lọ́yà Àlàbá Dàwódù ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi òyìnbó là á, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò nítorí pé kò dùn létí òfin.

N kò ṣe irú ìwé yìí rí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òmíràn jáde pé èmi ni mo ṣe é, irọ́ ló ń pa.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: Moyọ̀sọ́lá, àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláùsá, Láolú, tó wà lókè òkun, àti Rótìmí, àbígbẹ̀yìn, tó ń bá mi ṣe búrẹ́dì. Nítorí Láolú ni mo ṣe ń ṣe ìwé yìí. Kí àwọn tó kù má bínú. Ẹni tó wà nílé lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ìpín rẹ̀.

Àwọn tí mo fi ṣe alámòójútó ogún mi ni Lọ́yà Dàwódù fúnra rẹ̀ àti Nùréènì, ọ̀rẹ́ Láolú, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Àwọn kan á bi ara wọn pé kí ló kan Nùréènì, ọmọ Mùsùlùmí, nínú ogún ilé alàgbà ìjọ. Kí wọ́n fara balẹ̀. Wọn á rí i níwájú.

ÌKÍNÍ. Ilé mi tó wà ní Àgídìngbì, pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká, mo fún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọgbọọgba. Wọn kò gbọdọ̀ tà á níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀ láti fọwọ́ sí i. Yàrá ẹ̀yìn, èyí tó fara ti ògiri ilé búrẹ́dì, ti Láolú ni. Ẹ kò gbọdọ̀ fi í háyà, ẹ kò gbọdọ̀ kó àpò fúláwà sí i, ẹ kò sì gbọdọ̀ gba àlejò sínú rẹ̀, bó ti wù kí àlejò náà jẹ́ ẹni Ọlọ́run tó.

Nígbà tí èmi àti Bàbá Moyọ̀ ra ilẹ̀ yẹn, igbó ni. Àwọn ará ilé wa bi wá bóyá òkété la fẹ́ máa ta búrẹ́dì fún. A ṣán igbó náà. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí ní Oregun, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kọjá láàárọ̀ láì tíì jẹun. Búrẹ́dì ló kọ́ ilé náà. Bàbá Moyọ̀ ló ń ru àpò, èmi ni mo ń po ìyẹ̀fun. Ọkùnrin yẹn le bí irin, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé mo lóyún Moyọ̀sọ́lá, kò jẹ́ kí n gbé àpò kan kúrò nílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Lọ́yà, kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ níwájú kò dùn.

ÌKEJÌ. Ilé búrẹ́dì, pẹ̀lú ààrò méjèèjì, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, àwọn agolo tí a fi ń yan búrẹ́dì, àti jẹnẹrétọ̀, mo fún Rótìmí. Májẹ̀mú kan so mọ́ ọn. Okùn iná kan wà tó ti ara jẹnẹrétọ̀ náà wọ yàrá ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kí iná jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ dé yàrá Láolú kó tó dé ibòmíràn.

Rótìmí, o mọ búrẹ́dì í ṣe, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ ti pọ̀ jù. Búrẹ́dì kì í ṣe kéèkì. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń lọ gbé irin ní Oregun, wọn kì í lọ síbi ìgbéyàwó. Ìyàwó rẹ, Bùsáyọ̀, ní èéfín ààrò ń ba kọ́tìnì òun jẹ́. Kí ẹnìkan bá mi sọ fún un pé èéfín yẹn ló ra kọ́tìnì náà.

ÌKẸTA. Ọ̀pá gígùn tí a fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti dúdú, mo fún Sùlíyá, tó ń ṣe búrẹ́dì tirẹ̀ ní Agége.

Gbogbo ayé mọ̀ pé èmi àti Sùlíyá kò kí ara wa fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó kúrò, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá tẹ “Màmá Oníbúrẹ́dì” sára ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní ṣé òun náà kì í ṣe màmá ni, àbí búrẹ́dì kọ́ ni òun ń tà. Ẹni tó ti jí orúkọ, kó kúkú gba ọ̀pá pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí Láolú fi ilé sílẹ̀, òun nìkan ló wá jókòó tì mí láì fi ẹsẹ Bíbélì tù mí nínú. Ó jókòó, ó jẹ gbogbo ẹ̀pà mi tán, ó gbọn ìró rẹ̀, ó lọ. N kò gbàgbé.

ÌKẸRIN. Àwọn ewúrẹ́ mi, kí ìjọ gbà wọ́n fún ìkórè. Òbúkọ dúdú nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Òun ló jẹ wáyà fóònù lọ́dún tó kọjá, tí fóònù fi kú títí àwọn oníwáyà fi wá. Kí wọ́n pa á lọ́jọ́ ìsìnkú mi. Moyọ̀sọ́lá bi mí bóyá mo ń bá ewúrẹ́ ṣẹjọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dá a lẹ́bi.

ÌKARÙN-ÚN. Gbogbo wúrà mi, àwọn aṣọ òfì mi, àti àga tí bàbá rẹ̀ ń jókòó lé, ti Moyọ̀sọ́lá ni. Aṣọ funfun ìjọ, èyí tí mo fi gba oyè ìyá ìjọ, òun ni kí ẹ fi sin mí.

Moyọ̀sọ́lá fi ojú jọ mí, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá rẹ̀ ló gbà. Bí ó bá ti sọ pé rárá, ó ti tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù bí mo ti ń sọ lọ. Òun gan-an ló ń sọ pé kí a gé wáyà fóònù ilé. Ó ní owó rẹ̀ ń lọ lásán, pé fóònù alágbèéká ti dé, pé gbogbo wa ti ní i lápò. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo ṣe ránṣẹ́ pe Lọ́yà.

ÌKẸFÀ. Kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, pátákó tí a fi ń tẹ̀wé sí i, àti àpótí pẹlẹbẹ tó wà láàárín rẹ̀ àti fóònù, tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀mù, ti Láolú ni. N kò lè fi ohun olóhun ṣe ogún. Mo kàn ń sọ ibi tó wà ni. Kí Nùréènì máa bójú tó o títí olóhun á fi dé.

Láolú parí ẹ̀kọ́ nígbà ìjọba alágbádá tó ṣáájú èyí, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Oregun sì gbà á. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀kan ní Oregun, ọ̀kan ní ibi ìkẹ́rùsí wọn ní Agége, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìkẹjà kò tíì fojú kan ọ̀kan rí. Ọ̀gá wọn fẹ́ kí ti Agége máa sọ iye ẹrù tó kù fún ti Oregun láti inú wáyà fóònù, kí dírẹ́bà yéé gbé ìwé káàkiri. Ètò tó bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè òkun kò lè ṣe é lórí wáyà tiwa. Ariwo inú wáyà pọ̀. Ọ̀rọ̀ á gbéra ní Agége ní pípé, á dé Oregun lábùkù. Láolú àti Nùréènì wá jókòó, wọ́n kọ ètò tiwọn, Láolú ní Oregun, Nùréènì ní Agége. Wọn kò fi èdè tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Èdè tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí irin gan-an gbọ́, ni wọ́n lò. Mo bi Láolú pé kí ló dé tó ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà. Ó ní, Màmá, èdè tòkè yẹn ń gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá ni, kí ògbufọ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ nínú wáyà á ti bọ́ sílẹ̀.

Ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo bá ń po ìyẹ̀fun. Á jókòó sórí àpò, fúláwà á kùn ún ní ìdí. Ó ní, Màmá, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn báyìí, ẹ máa ń fi ìka sàmì síbi tí ẹ bá iṣẹ́ dé, ẹ ó nu ọwọ́, ẹ ó dá onítọ̀hún lóhùn, ẹ ó sì padà sójú àmì yẹn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ mi, kí ọ̀rọ̀ má baà kan ilẹ̀kùn títí kó rẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ kan bá dé lábùkù, ẹ̀rọ tó gbà á á ní kí èkejì tún un wí, bí adarí orin ṣe ń tún ìlà orin pè fún ìjọ tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Súfèé nìkan ni kò yé mi.

Ẹ̀rọ méjèèjì kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láì kí ara wọn. Èyí tó ń pè ló máa ń kọ́kọ́ súfèé: súfèé kúkúrú kan, á dákẹ́, á tún súfèé, á tún dákẹ́. Mo ní kí ni gbogbo súfèé yìí. Láolú rẹ́rìn-ín. Ó ní àgò ló ń ké. Ó ní ẹ̀rọ kejì ló gbọ́dọ̀ fi súfèé gígùn dáhùn pé àgò yà, kí ó tó lè wọlé. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

ÌKEJE. Mo fẹ́ sọ bí Láolú ṣe lọ, nítorí oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ ní ìjọ.

Ọdún tí àwọn sójà padà dé ni ilé iṣẹ́ oníke náà kógbá sílé. Wọ́n fún Láolú ní kọ̀ǹpútà kan, wọ́n fún Nùréènì ní èkejì. Láolú gbé tirẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ fóònù tí a fà fún iṣẹ́ búrẹ́dì. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ Àgídìngbì àti ẹ̀rọ Agége á ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn méjèèjì á máa dán ètò wọn wò. Nínú ilé wa, a kì í súfèé lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ejò ni súfèé ń pè. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní kì í ṣe ejò nìkan. Bàbá Moyọ̀ fara dà á. Ó kàn ń wọ́n omi àdúrà sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà ni. Láolú á ní, Bàbá, ẹ rọra o, omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Moyọ̀ kan ṣoṣo wá kú ní Ìdó-Èkìtì. Wọ́n lọ pè wá láti pósófíìsì ní Adó. Wọ́n pè, wọ́n tún pè, títí ilẹ̀ fi ṣú. Wáyà wa kò ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì sí i níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé, kò pariwo. Ó pe Láolú sí pálọ̀. Ó ní kí òun má ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́. Gbólóhùn kan péré. Láolú dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò fọhùn. Kó tó di ọdún Àjíǹde, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

N kò dá ọkọ mi lẹ́bi, n kò dá ọmọ mi lẹ́bi. Ẹni tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé ẹ ó tún máa bi í pé kí ló ń bí i nínú?

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò kọ lẹ́tà. Ta ni ì bá kà á fún mi? Moyọ̀sọ́lá wà nílé ọkọ ní Ìlọrin nígbà náà, Rótìmí kò sì jẹ́ ṣí lẹ́tà ṣáájú bàbá rẹ̀. Bàbá Moyọ̀ ló ń ka lẹ́tà nínú ilé wa, ketekete, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lórí pẹpẹ. Bí Láolú bá kọ ọ́, ẹnu bàbá rẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀ á gbà wọlé. Ìyá kan láti ìjọ wa rí i nínú ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ó ti rù, pé ìdí kọ̀ǹpútà náà ló ṣì ń jókòó, pé ó béèrè bóyá mo ṣì ń po ìyẹ̀fun fúnra mi. Ìyẹn nìkan ni mo rí gbọ́. Nùréènì pàápàá kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

ÌKEJỌ. Fóònù ilé, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti wáyà rẹ̀ láti orí òpó títí dé yàrá ẹ̀yìn, n kò fún ẹnì kankan. Kí ó wà. Kí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ lára owó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan. Wọn kò gbọdọ̀ gé e, wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí Láolú lọ, fóònù wa bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ó lè pẹ́ kó tó wá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àsìkò ìkórè àti àsìkò Àjíǹde. Èmi kì í gbé fóònù. Ọwọ́ mi kì í kúrò nínú ìyẹ̀fun. Wọ́n kàn ń sọ fún mi ni. Rótìmí á ní wèrè yẹn tún ti dé. Bàbá Moyọ̀ máa ń bá a wí lórúkọ Jésù, á ní ta ló rán ọ sí ilé mi, padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ. Kọ̀ǹpútà kò lè dáhùn, nítorí Bàbá Moyọ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára fóònù, ó sì ti fi aṣọ bò ó bí òkú.

Ní ọdún tí Bàbá Moyọ̀ lò kẹ́yìn láyé, kò bá a wí mọ́. Mo rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Á gbé fóònù sétí, á fìdí lé àga, á máa gbọ́ súfèé náà títí á fi dá. Á wá rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹyin. N kò bi í ní ohun tó ń gbọ́. Ó kú láì sọ fún mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ó ku èmi nìkan nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fóònù dún, mo gbé e. Súfèé kúkúrú kan. Ìdákẹ́jẹ́. Súfèé kúkúrú. Mo dúró tí ìyẹ̀fun fi gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí òun má gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Kò ní kí òun má gbọ́ súfèé rẹ̀. Ọmọ mi gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó ń ké àgò. Ó ti ń ké e láti ọjọ́ tó ti lọ, àwa sì ń lé e.

Mo ránṣẹ́ sí Nùréènì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pálọ̀, alákọ̀wé pẹ̀lú ṣòkòtò dáadáa lára rẹ̀. Ó tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, ó so ó padà mọ́ fóònù, ó ní láti ìsinsìnyí ẹ̀rọ yẹn ni yóò máa dá ẹnikẹ́ni tó bá pè lóhùn. Àwọn oníbàárà tó pè fún búrẹ́dì gbọ́ súfèé, wọ́n sáré lọ bá Rótìmí pé ejò ti wọ fóònù màmá rẹ̀. Kí wọ́n pe fóònù alágbèéká tirẹ̀. Ti ilé kì í ṣe ti búrẹ́dì mọ́.

Láti ìgbà náà, súfèé kò tíì wá.

Moyọ̀sọ́lá ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ilé iṣẹ́ kan ní Oregun ló ní nọ́ńbà tó jọ tiyín, ẹ̀rọ fáàsì wọn, tó ń fi ìwé ránṣẹ́ nínú wáyà, ló ń ṣìnà wá síbí, ó sì ti yéé ṣìnà. Mo fi dandan bi Nùréènì. Ó wo ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fáàsì náà máa ń súfèé, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́. Lọ́yà, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gbọ́, kí wọ́n má baà sọ lẹ́yìn mi pé màmá wọn ti ń ṣarán. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, a kì í kọ́kọ́ bi í bóyá ilé wa ló ń bọ̀. Àgò yà là ń wí ná. Bí ó bá wọlé tán ni a óò mọ̀ bóyá ó ṣìnà.

ÌKẸSÀN-ÁN. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ fún Láolú ní pálọ̀, èmi tí mo kù ní òbí rẹ̀, mo ká a kúrò lórí rẹ̀. Èmi ni mo lóyún rẹ̀, mo sì lẹ́tọ̀ọ́. Kí ó sọ̀rọ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀ bó ti wù ú, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó pariwo, kí ó jiyàn pẹ̀lú Moyọ̀sọ́lá. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ òkú dá a lẹ́kun.

ÌKẸWÀÁ. Nùréènì ní ẹ̀rọ náà lè di ọ̀rọ̀ kan mú, kó fi jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ Láolú lọ́jọ́ tó bá pè, yálà mo wà láyé tàbí n kò sí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ pé: Láolú, mo dá ohùn rẹ padà fún ọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Moyọ̀sọ́lá, tó wọlé wá bá mi jà nítorí wáyà, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, Màmá, kí lẹ ní kí Nùréènì kọ? Ẹ fẹ́ dá ohun rẹ̀ padà fún un ni? Ẹ fẹ́ kó ẹrù ọmọ yín padà fún un?

Kọ̀ǹpútà yẹn ti dàgbà. Kò mọ àmì kankan, kò mọ ti orí lẹ́tà, kò mọ ti ìsàlẹ̀. Ohùn tí mo wí, ohun ló kọ. Ẹni tí wọ́n bá dá ohun rẹ̀ padà fún, wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bóyá Láolú ì bá rò ó dáadáa, bóyá kò ní rò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kan ló ti gbà bó ṣe gbọ́ ọ, ẹ rí ibi tó gbé e dé. Mo ní kí Nùréènì pa á rẹ́. Moyọ̀sọ́lá fa àga, ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀ wáyà mọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló bá mi yẹ ọ̀rọ̀ wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí a fi rí èyí tí kò lè yí dà lójú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ báyìí ni pé: Láolú, bàbá rẹ ti kú. Màmá ní kí o fi ẹnu ara rẹ pè wá sílé.

Mo fi lé Nùréènì àti Moyọ̀sọ́lá lọ́wọ́ kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Nùréènì ní bí ó bá jẹ́ fáàsì ló pè, kò ní lè dáhùn bó ti yẹ, ẹ̀rọ wa á sì tún máa retí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ Láolú bá gbà á, tó sì fèsì pé òun ti gbọ́, ẹ̀rọ wa á ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní dáhùn mọ́. Á jẹ́ kí fóònù máa dún fún èèyàn.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ tí fóònù yàrá ẹ̀yìn ń dún tí kò dá, kí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ sáré gbé e, ì báà jẹ́ pé ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀. Ẹ má ṣe pariwo lé e lórí pé ta nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú ilé yìí. Ẹ ní sùúrù fún un.

Mo tẹ̀ka sí i ní Àgídìngbì, Ìkẹjà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 2002.

Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún DỌ́KÁSÌ WÚRÀỌLÁ ỌLỌ́RUNNÍYÌ

Èmi, Àlàbá Dàwódù, agbẹjọ́rò, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Mo kà á sí i létí ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó tẹ̀ka, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí. Mo dábàá pé kí a yọ ọ̀rọ̀ òbúkọ kúrò. Kò gbà.

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ìtẹ̀ka náà ṣojú wọn, tí wọn kò sì ní ìpín kankan nínú ogún yìí:

Bọ́dúndé Ọláyínká, akọ̀wé ìjọ, Àgídìngbì

Wahab Akínọlá, télọ̀, Agége